Bí Ìyá Mi Ṣe Pín Pákó Orí Omi

Tí ẹ bá fẹ́ mọ irú pákó tó yẹ kí èèyàn dúró lé lórí omi kí afẹ́fẹ́ máa wọ́ ọ lọ, ẹ má bi ìyá mi. Ìyá mi kò tíì dé etí òkun rí láyé rẹ̀. Omi tó jìn jù lọ tó mọ̀ ni ti inú dírọ́ọ̀mù tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Ìjẹmọ̀. Síbẹ̀, òun náà ló yan pákó fún wa, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ bi í léèrè ibi tó ti kọ́ ọ.

Àbúrò ìyá mi ló kó àwọn pákó náà wálé. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní erékùṣù kan nínú òkun, lọ́nà Sẹ̀nẹ́gà lọ́hùn-ún, níbi tí àwọn òyìnbó ti máa ń wá gbafẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ níbi pé kó máa fọ pákó tí wọ́n fi ń ṣeré lórí omi, ó wá dẹni tó ń kọ́ wọn. Ìyá mi máa ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé iṣẹ́ pákó ni àbúrò òun ń ṣe lókè òkun, gbogbo wọn sì gbà pé gẹdú ló ń tà. Nígbà tí ìbàdí àbúrò ìyá mi kò jẹ́ kó lè lóṣòó mọ́, ó di ẹrù rẹ̀, ó padà sílé, ó wá ń gbé yàrá tó ṣófo lọ́dọ̀ wa. Báàgì kan wà nínú ẹrù náà, ó gùn, ó dúdú, àwọn aládùúgbò sì ń yọjú wò ó bíi pé òkú ló gbé wọlé.

Pákó méjì ló wà níbẹ̀, ńlá kan àti kékeré kan, pẹ̀lú káìtì kan ṣoṣo. Kì í ṣe irú káìtì tí a fi láìlọ́ọ̀nù àti ẹ̀yọ ìgbálẹ̀ ṣe nígbà tí a wà lọ́mọdé o. Páǹpù ni wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀, tó bá sì wú tán, ó tó bo mọ́tò mọ́lẹ̀. Okùn gígùn ló so ó mọ́ ọ̀pá tí ẹ máa dì mú, ọ̀pá náà sì kọ́ mọ́ bẹ́líìtì tó wà nídìí yín. Afẹ́fẹ́ á fa káìtì, káìtì á fa yín, ẹ̀yin á dúró lórí pákó, ẹ óò máa sáré lórí omi. Nígbà tó ṣàlàyé ẹ̀ tán, mo rò ó lọ́kàn mi pé oríṣiríṣi ọ̀nà lèèyàn lè gbà kú, òyìnbó sì ti wá èyí tó lẹ́wà jù.

Ó ní ká jókòó ní pálọ̀. Ìyá mi gbé ìrẹsì fún un. Ó gbé àwo náà lé orí ẹsẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá tí mo bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní kí n rán ẹnì kan wá nínú ẹbí mi kó rọ́pò mi. Ẹnì kan ni o, kò fẹ́ méjì. Ẹni tó bá lè dúró lórí pákó, tó lọ, tó sì padà wá láì ṣubú, kí n ya fídíò ẹ̀ ránṣẹ́ kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀. Tọ́yẹ́ bá ti lọ, àwọn náà ti ń gba èèyàn míì nìyẹn."

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kò wo ojú ara wa.

Wẹ́dà ni mí, ní Adígbẹ. Mo fi ìwé sílẹ̀ ní girama nígbà tí ìwé náà ti fi mí sílẹ̀ ṣáájú. Mi ò lè sọ pé ebi ń pa mí, ṣùgbọ́n géètì àti bọ́gìlárì tí mo ti jó pọ̀ débi pé tí mo bá dijú, iná ni mò ń rí. Mo fẹ́ lọ síbi tí nǹkan tí mo máa wò yóò gbòòrò. Ẹ̀gbọ́n mi ní tiẹ̀, télọ̀ ni. Ó ń ránṣọ níwájú ilé wa, àwọn àna rẹ̀ sì ti ń béèrè léraléra pé ṣé ẹ̀rọ ìránṣọ kan yẹn ló fẹ́ fi bọ́ ọmọ àwọn. Àwa méjèèjì la fẹ́ ẹ. Ẹnì kan ni wọ́n sì fẹ́.

Àbúrò ìyá mi wá gbé pákó méjèèjì nàró sára ògiri. Ńlá náà dé mi láyà, ó sì fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kékeré náà kò ju ìbàdí mi lọ, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ rẹ̀ ń dán.

"Ẹ gbọ́," ó ní, "wọn kì í fi ọjọ́ orí yan èyí. Ohun tí wọ́n ń wò ni ara ẹni tó fẹ́ gùn ún, bó ṣe mọ̀ ọ́n tó, àti afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tó bá wúwo, tí kò sì tíì mọ̀ ọ́n, ńlá ni kó mú, kí omi lè rí nǹkan gbé. Ẹni tó bá fúyẹ́, kékeré ni kó mú, kó lè fi gìgísẹ̀ tẹ etí ẹ̀ wọnú omi. Tí kò bá rí i tẹ̀, kò ní lè kó ara ẹ̀ níjàánu, afẹ́fẹ́ á kàn máa gbá a lọ bí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe rí kí ẹ lè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Èmi ni mo sanra nílé wa. Ọlọ́kadà kì í gbé mi pọ̀ mọ́ èrò míì, tó bá sì gbé èmi nìkan, á kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ táyà ẹ̀yìn wò. Ẹ̀gbọ́n mi rí bí ẹni tí wọ́n gbàgbé láti parí. Ó ń ránṣọ tó ń dúró dáadáa lára gbogbo aráyé, kò sí èyí tó dúró lára tiẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ojú, tó sì gbọ́ ohun tí àbúrò ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ, ó ti mọ ẹni tó ni pákó wo.

Ìyá mi ní ojú. Ó kàn jẹ́ pé láti kékeré wa ló ti ń pín nǹkan, ọ̀nà kan náà ló sì ń gbà pín gbogbo ẹ̀: ẹran, aṣọ Kérésì, ẹní ìsùn, àti èébú. Àkọ́bí ló ń gba èyí tó tóbi. Ó dìde, ó fa pákó ńlá kúrò lára ògiri, ó gbé e síwájú ẹ̀gbọ́n mi.

"Gba tìẹ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́," àbúrò ìyá mi bẹ̀rẹ̀, "kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń..."

"Kí ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Kí àbúrò gba ńlá, kí ẹ̀gbọ́n máa wò ó lẹ́nu? Nínú ilé tèmi? Torí pé bàbá wọn ò sí láyé mọ́, ẹ fẹ́ bá mi rẹ́ àkọ́bí ẹ̀ jẹ?"

Àbúrò ìyá mi wo pákó, ó wo àwo ìrẹsì tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìrẹsì ló borí.

Dáàmù Ọ̀yán la ti ń kọ́ ọ. A máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá fún wa láàyè, wọ́n á sì di pákó méjèèjì mọ́ orí bọ́ọ̀sì pẹ̀lú àpò gààrí àwọn èèyàn. Kò sí ọjọ́ tí èrò kan kò ní bi ẹ̀gbọ́n mi pé ilé ta ló fẹ́ lọ kan ilẹ̀kùn fún. Bàbá apẹja kan wà létí omi tó máa ń jókòó tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó wò wá bí a ṣe ń fẹ́ káìtì, ó wo jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní kò ní jẹ́ ká rì, èyí tó kọ̀ láti pa dé níwájú ikùn mi, ó wá ní:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kú, ẹ kú sápá ọ̀hún. Apá ibí ni àwọ̀n mi wà."

Ìbàdí àbúrò ìyá mi kò jẹ́ kó wọmi, etí omi ló ti ń pariwo. "Na ẹsẹ̀ iwájú! Tẹ gìgísẹ̀! Má wo ẹsẹ̀ ẹ, ibi tó ò ń lọ ni kó o wò!" Èmi kò rí ibì kankan lọ. Káìtì á fà mí dìde, inú mi á dùn, màá na ẹsẹ̀ iwájú bó ṣe wí, pákó kékeré náà á sì wọ inú omi lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ìgbà tí ṣíbí bá wọ inú ẹ̀kọ gbígbóná. Èmi á tẹ̀ lé e. Mo mu omi dáàmù yẹn débi pé mo rò pé wọ́n á wá bi mí nípa ẹ̀. Omi tó yẹ kó dé Èkó, mo ti mu nínú ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kò rì ní tiẹ̀. Ìbá sàn kó rì. Pákó ńlá gbé e bí ẹni gbé ìyẹ́ adìẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fò gbọn-gbọn-gbọn lórí omi, kò lè dúró, kò lè yà, etí pákó kọ̀ láti wọnú omi nítorí kò sí ohun tó tẹ̀ ẹ́. Afẹ́fẹ́ fà á gba iwájú bàbá apẹja kọjá. Ó ń ké "Jésù! Jésù!" títí ó fi wọnú koríko etí omi lọ́hùn-ún. Nígbà tó yọ, ewé wà lórí ẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan ti lọ.

"Bùọ̀dá," mo ní, "ẹ kú àbọ̀ o. Ará ọ̀hún ń kọ́?"

Bàbá apẹja rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ àwọ̀n fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Báyìí la ṣe ń bá a lọ. Ọyẹ́ ń fẹ́, ètè wa ń bó, èmi ń rì, ẹ̀gbọ́n mi ń fò. Kò pẹ́ tí mo fi mọ ohun tó ń ṣe wa, kò gba ọpọlọ. Pákó tí yóò gbé mi wà lábẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, èyí tí yóò gbọ́ràn sí i lẹ́nu wà lábẹ́ mi. Bí a bá pààrọ̀, àwa méjèèjì la máa yege. Bí a kò bá pààrọ̀, a óò máa bá a lọ títí ọyẹ́ yóò fi tán, ọmọ ẹlòmíì á sì lọ síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wá wí fún mi, báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ní Ìjẹmọ̀, pé nǹkan tí wọ́n fún un ti tóbi jù fún un?

Mo gbìyànjú o. Mo lọ bá àbúrò ìyá mi pé kó bá mi sọ ọ́. Ó ní, "Èmi? Èmi tí mò ń jẹ oúnjẹ ẹ̀gbọ́n mi láàárọ̀ àti lálẹ́? Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ yanjú ẹ̀." Mo lọ bá ìyá mi fúnra ẹ̀, mo rọra gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní ó jọ pé pákó ẹ̀gbọ́n mi ń dà á láàmú. Ìyá mi ní òun á gbàdúrà sí i. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi gbé pákó ńlá náà dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé e ti ògiri sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga kúáyà, wọ́n sì gbàdúrà lé e lórí pẹ̀lú àwọn tó ń wáṣẹ́. Wọn kò gbàdúrà lé tèmi. Mo tiẹ̀ gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ télọ̀ mú ẹ̀gbọ́n mi, mo ní, "Bùọ̀dá, ẹ wo bí kékeré yìí ṣe gé régé, ó jọ nǹkan tó yẹ yín." Ó wò mí lọ títí.

"Ṣé ipò àkọ́bí lo fẹ́ fi pákó gbà ni?"

Mo gbé kékeré mi, mo bá tèmi lọ.

Ọjọ́ tó bẹ́, afẹ́fẹ́ le. Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣubú ṣubú, ojú ẹ̀ ti pọ́n. Pákó náà bọ́ lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ó yí padà, ó gbá a lágbárí. Mo gbé pákó kékeré sí abíyá, mo wọ́dò lọ bá a. Kì í ṣe pé mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo kàn fẹ́ wò ó bóyá orí ẹ̀ bẹ́ ni. Bàbá apẹja ké láti òkè pé, "Ẹ bá mi sọ fún ọ̀gbẹ́ni yẹn pé ilẹ̀kùn yẹn ti jù ú lọ!" Ni ẹ̀gbọ́n mi bá yíjú sí mi, èmi tí mi ò tíì lanu, ó ní, "Máa rẹ́rìn-ín! Ṣebí ìwọ náà kò tíì dúró rí!"

Mo bínú. Mo ní, "Ẹ gbé e sílẹ̀ nígbà náà! Ẹran wo ló wà lára yín tó fẹ́ tẹ irú pákó yẹn mọ́lẹ̀? Ẹ̀yin tí fáànù lè gbé! Ogún bàbá wa ni, àbí kí ni?"

Omi máa ń gbé ohùn lọ jìnnà. Gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi lọ́hùn-ún ló gbọ́. Mo ń retí kó gbá mi létí, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Kò gbá mi. Ó kàn dúró síbẹ̀, omi dé e láyà, ó ń fọwọ́ pa ibi tí pákó ti gbá a.

"Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni?" ó ní. "Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀. O ga jù mí lọ. O sanra jù mí lọ. Nígbà tí àwọn àna mi wá, ìwọ ni wọ́n kọ́kọ́ kí, wọ́n rò pé ìwọ lẹ̀gbọ́n. Tí mo bá tún gbé èyí fún ẹ, kí ló kù tí mo fi jù ẹ́ lọ?"

Títí dòní ni ọ̀rọ̀ fáànù yẹn ṣì máa ń dùn mí tí mo bá rántí ẹ̀. Kì í ṣe pé irọ́ ni. Òótọ́ ni, ìyẹn ló burú níbẹ̀.

Mo ti pákó kékeré sọ́dọ̀ ẹ̀ lórí omi. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ti ńlá sí mi.

Ẹ gbà mí gbọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni mo dúró. Kì í ṣe pé mo mọ̀ ọ́n sí i ju ti àárọ̀ lọ. Pákó náà ló gbé mi bí afárá ṣe ń gbé lọ́rì. Ó mì lábẹ́ mi, ó ronú sí i, ó gbà. Mo lọ láti ibi igi kan dé ibi òkúta kan, mò ń pariwo ọ̀rọ̀ tí wọn kì í sọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀gbọ́n mi náà gba káìtì lọ́wọ́ mi, ó gbé ẹsẹ̀ lé kékeré, ó fi gìgísẹ̀ tẹ etí ẹ̀, pákó náà sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó lọ síbi tó fẹ́ lọ. Àbúrò ìyá mi gbàgbé ìbàdí ẹ̀, ó fò sókè, ó sì fi ìyókù ọjọ́ náà dùbúlẹ̀.

Ìyá mi kò gbọ́dọ̀ mọ̀. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi á ru ńlá jáde nílé, èmi á gbé kékeré sí abíyá, a óò dágbére, a óò wọ bọ́ọ̀sì. Létí omi, a óò pààrọ̀. Tí a bá ń padà, a tún pààrọ̀ kí a tó yà sí àdúgbò wa. Ìyá mi á bi í pé báwo ni pákó ńlá, ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Mọ́mì, àdúrà ti ń ṣiṣẹ́." Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Èmi ni mo wá mọ̀ ọ́n jù nígbà tó yá. Mo lè lọ, mo lè yà, mo lè padà. Ẹ̀gbọ́n mi ń lọ dáadáa, àmọ́ ìgbà tó bá fẹ́ yà ló máa ń ṣubú. Mo ti ń fọkàn di ẹrù.

Ọjọ́ fídíò dé. Ìyá mi ní òun náà ń bọ̀, kí òun lè fojú òun rí i. Ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé kúlà oúnjẹ sẹ́sẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi sì ń fẹsẹ̀ gbá ara wa: ta ló máa sọ fún un? Nígbà tí a débẹ̀, mo kàn gbé pákó ńlá lọ tààràtà sétí omi.

"Ìwọ ọmọ yìí! Kí ni pákó ẹ̀gbọ́n ẹ ń ṣe lọ́wọ́ ẹ?"

"Mọ́mì, èmi ni mo wúwo."

"Ta ló ní kó o wúwo?"

Ẹ̀gbọ́n mi ló gbà mí. Ó ní òun lòun yá mi. Ìyá mi ṣe hùn-ún, ó jókòó lórí kúlà.

Ohun tí gbogbo wa kò tíì wò ni afẹ́fẹ́. Ọyẹ́ ti ń lọ. Eruku ojú ọ̀run ti fúyẹ́, ewé igi ń mì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń tòògbé. Káìtì gòkè, ṣùgbọ́n ó rọ̀ sókè níbẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Mo dúró lórí pákó, mo lọ díẹ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí gòkè sí mi lẹ́sẹ̀ títí mo fi rì. Mo tún gbìyànjú. Mo tún rì. Ẹ̀gbọ́n mi gba káìtì, ó lọ sórí kékeré, òun náà rì. Pákó yẹn tẹ́ẹ́rẹ́ jù fún irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo tún padà lọ. Àbúrò ìyá mi ti sọ fóònù kalẹ̀. Nígbà tí mo jáde kí n lè mí díẹ̀, ó sún mọ́ mi, ó ní, "Afẹ́fẹ́ yìí kò tó ẹ. Tó bá jẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n gbé fún ẹ, á rì."

Ó ti kọ́ wa tó tí mo fi mọ ìyókù. Tí afẹ́fẹ́ bá kéré, ẹni tó fúyẹ́ ni yóò rí gbé, pákó tó fẹ̀ ni yóò sì dúró lórí omi lábẹ́ ẹ̀. Ẹni tó fúyẹ́ wà níbẹ̀, ó ń gbọn omi kúrò létí. Pákó tó fẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

Mo jókòó sínú omi tí kò jìn, mo gbé e lé itan, mo ní, "Afẹ́fẹ́ ń bọ̀. Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù." Kò sí afẹ́fẹ́ kankan tó ń bọ̀. Oòrùn ń wọ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́ díẹ̀ sí i, ilẹ̀ á ṣú, kò ní sí ẹni tó lọ nínú àwa méjèèjì, a óò sì padà sílé bákan náà. Kí n má parọ́, ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn nígbà náà. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú èrò yẹn bí ẹni tó jókòó ti oúnjẹ tó dùn.

Ìyá mi ti ń kó abọ́. Ó ń sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó má banú jẹ́, òun á lọ bẹ àwọn àna rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Àbúrò ìyá mi ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Àǹkù, ẹ jẹ́ kó tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ má tíì pa fóònù. Kó lo àyè tèmi náà. Òun ló mọ̀ ọ́n jù."

Mo gbọ́ ọ. Mo dìde. Mo gbé pákó náà lọ bá a.

"Ẹ gbà."

"Kí ni mo fẹ́ fi í ṣe? Kékeré ti mọ́ mi lára."

"Afẹ́fẹ́ kéré, Bùọ̀dá. Ẹ̀yin ló lè gbé lónìí. Ẹ má bá a jà, kò ní fò bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ kàn dúró lé e."

Ó wo ojú mi bóyá mo fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbà á, ó ki ẹsẹ̀ bọ ìdè méjèèjì tó wà lórí pákó, mo sì bá a gbé káìtì sókè. Afẹ́fẹ́ tí kò rí mi gbé gbé e bí ìyá tó gbé ọmọ ìkókó. Pákó náà tẹ́ pẹrẹsẹ sórí omi. Ó ń lọ jẹ́jẹ́, apá ẹ̀ nà, ikùn ẹ̀ tí kò sí ń dán nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́. Ó dé ọ̀hún, ó yà láì yára, ó yà láì ṣubú, ó ń padà bọ̀. Bàbá apẹja dìde dúró. Àbúrò ìyá mi ń ya fídíò, ó ń sọ "Ọlọ́run, má jẹ́ kí báàtìrì yìí kú, Ọlọ́run, dákun." Ẹ̀gbọ́n mi gùn ún dé iyanrìn, ó sọ̀kalẹ̀ bí ẹni sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì.

Ìyá mi ti ń jó. Ó ń jó yí kúlà ká.

"Mo sọ fún yín àbí mi ò sọ? Pákó ńlá, àgbà ló ni ín! Ẹ̀ ń bá mi jiyàn, ẹ̀ ń wo sáyẹ́ǹsì! Ta ló pín in?"

"Ẹ̀yin ni, Mọ́mì."

"Ta ló pín in?"

"Ẹ̀yin ni."

Àbúrò ìyá mi lanu láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́. Ìyá mi ki ẹja bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó jẹ ẹ́. Ó fi fídíò náà ránṣẹ́ láti ibẹ̀, lẹ́yìn tó ti na fóònù sókè káàkiri etí omi láti wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, a kò sì tíì di ẹrù tán tí ọ̀gá rẹ̀ fi dáhùn: kí ọ̀gbẹ́ni tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn máa bọ̀.

Èmi ni wọ́n ní kí n sùn lé káìtì lórí kí atẹ́gùn inú ẹ̀ lè jáde. Iṣẹ́ kan ṣoṣo nìyẹn tí ara mi wúlò fún lọ́jọ́ náà. Mo dojú bolẹ̀ lórí ẹ̀, ó ń mí sí mi létí. Ẹ̀gbọ́n mi wá kúnlẹ̀ ní ìkángun kejì, ó ń ká okùn.

"Ṣé inú ń bí ẹ?" ó ní.

"Ó ń bí mi."

Ó ká okùn lọ díẹ̀.

"Ká ní afẹ́fẹ́ padà dé, nígbà tó o jókòó sínú omi yẹn, ṣé wàá gbé e fún mi?"

Mo rò ó. Ó yẹ kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá wa wà nítòsí, ọjọ́ ayọ̀ sì ni.

"Rárá," mo ní.

Ó mi orí. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó na ọwọ́, ó tẹ etí káìtì náà wò.

"Sún sápá ọ̀tún," ó ní. "Atẹ́gùn ṣì kù níbẹ̀."